Jíìpù ni ká rà ni, àbí báṣé?



Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní apá Kétu. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dá owó jọ láti ra ọkọ̀. Nígbà tí owó náà fẹ́ pé, ìjà dé. Àwọn kan ní jíìpù ni àwọn ń fẹ́, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gbé wá wo oko wa. Àwọn yòókù ní báṣé ni. Wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ kò yanjú. Bàbá kan tilẹ̀ sọ pé bí kì í bá ṣe jíìpù, kí wọ́n dá owó òun padà fún òun.

Ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí kíláàsì wa. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú pátákó. Èmi tí mo kéré sí gbogbo wọn, tí mo ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere wá sí kíláàsì! Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ṣe é, alẹ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé irú ìjà yìí wà ní àwọn ìlú mìíràn náà.

KÍ NI JÍÌPÙ? KÍ NI BÁṢÉ?

Inú ogun ni jíìpù ti wá. Ní ọdún 1941, nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ kékeré kan lọ́pọ̀ fún àwọn sójà wọn, ọkọ̀ tó lè gba inú ẹrẹ̀ àti inú iyanrìn kọjá. Ní ọdún 1948, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover tiwọn jáde. Àwọn ará Jàpáànì náà ṣe Land Cruiser. Gbogbo wọn ni a ń pè ní jíìpù. Ọkọ̀ gíga ni, irin rẹ̀ nípọn, ilé rẹ̀ sì bo gbogbo ara rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn.

Báṣé ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé ni. Aṣọ líle tí wọ́n ń ta bo ẹ̀yìn ọkọ̀ ló fún un ní orúkọ. Iwájú rẹ̀ ni ìjókòó awakọ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo fún ẹrù. Àwọn àgbà wa kò lè gbàgbé Peugeot 404 báṣé: èrò lórí ìjókòó pákó, ewúrẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, iṣu lórí òrùlé. Ní ọdún 1979 ni báṣé 504 tẹ̀ lé e. Àwọn ará Jàpáànì ti ń ṣe Hilux láti ọdún 1968. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ báṣé ni kò ní aṣọ lẹ́yìn mọ́, báṣé náà la ṣì ń pè wọ́n.

BÍ AGBÁRA ṢE Ń DÉ ẸSẸ̀ ỌKỌ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí jíìpù fi ń kọjá níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń rì.

Nínú báṣé lásán, ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹsẹ̀ méjì iwájú kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, tí ó ń yí lójú kan, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Nínú jíìpù, ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Bí awakọ̀ bá fà á, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ni àwọn sọ̀fẹ́ ń pè ní kátíkátì. Ọ̀pọ̀ jíìpù tún ní jíà ìfàyà: ọkọ̀ á máa rọra lọ bí ìgbín, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á pọ̀ gan-an.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí. Kátíkátì kì í mú kí ọkọ̀ tètè dúró. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, bákan náà ni wọ́n. Bí táyà bá ti jẹ tán, tí ojú rẹ̀ dán bí ìdí ìkòkò, kátíkátì kò ní ṣe nǹkan kan: ẹsẹ̀ mẹ́rin ni yóò máa yọ̀ dípò méjì. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni kò yẹ kí èèyàn fa ọ̀pá kátíkátì lórí ọ̀dà gbígbẹ nínú irú ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí, torí yóò ba irin inú ọkọ̀ jẹ́.

Nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: báṣé tó ṣófo ló ń tètè rì. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá gbé àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún lé e, á dúró ṣinṣin. Àwọn sọ̀fẹ́ tó gbọ́n máa ń gbé àpò iyanrìn méjì sẹ́yìn báṣé òfìfo nígbà òjò. Ẹ jẹ́ kí ẹrù tó wúwo sún mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Bí ó bá lọ kó sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, iwájú ọkọ̀ á gbéra sókè, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà.

ÌṢIRÒ ALẸ́ KÌÍNÍ

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí à ń pè ní káàtì gíríìsì. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́rin: PTAC. Iye kílò tí ọkọ̀ àti ẹrù àti èèyàn lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn. Ẹ ó tún rí lẹ́tà méjì: PV. Iye kílò ọkọ̀ nìkan nígbà tó ṣófo nìyẹn. Bí ẹ bá yọ PV kúrò nínú PTAC, ohun tó kù ni ọkọ̀ lè gbé.

Ká ní báṣé kan ní PTAC 2.750 àti PV 1.600. Ohun tó kù jẹ́ 1.150. Sọ̀fẹ́ àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ á tó kílò 150. Ó ku 1.000. Bí àpò àgbàdo kan bá jẹ́ kílò 100, àpò 10 nìyẹn.

Ká ní jíìpù kan ní PTAC 2.900 àti PV 2.200. Ó ku 700. Ẹ yọ 150 ti àwọn méjì yẹn. Ó ku 550. Àpò 5 nìyẹn, ó sì ku díẹ̀.

Nígbà tí mo kọ èyí sójú pátákó, ariwo sọ. Bàbá tó fẹ́ jíìpù ní irọ́ ni, ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀! Mo ní bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Jíìpù tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé. Ilé irin rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, gíláàsì rẹ̀, irin kátíkátì rẹ̀, gbogbo wọn ló ti jẹ nínú kílò tó yẹ kí àgbàdo jẹ. Lẹ́yìn èyí, inú rẹ̀ kò gba àpò dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ kéré. Ẹ ó yọ ìjókòó kúrò, eruku àgbàdo á wọ ibi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká bá ìṣirò lọ. Ẹgbẹ́ náà ní àpò 60 láti gbé lọ sí ọjà. Ká ní ọjà jìnnà tó kìlómítà 20. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 40. Báṣé á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà: 6 × 40 = 240. Jíìpù á lọ lẹ́ẹ̀méjìlá: 12 × 40 = 480. Ká ní báṣé ń mu lítà 12 ní kìlómítà 100, tí jíìpù ń mu 15. Báṣé á mu nǹkan bí lítà 29. Jíìpù á mu lítà 72. Lítà 43 ló wà láàárín wọn.

Bàbá kan náà ló kọ́kọ́ béèrè pé: «Lítà 43 yẹn, èló ni?» Bí lítà kan bá jẹ́ owó sẹ́fà 700, ó jẹ́ 30.100. Àpò 60 péré la sì ń sọ o. A kò tíì sọ ti ẹ̀gẹ́, a kò tíì sọ ti ẹ̀pà.

Ẹ má sì rò pé owó epo máa ń dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra ẹsáǹsì tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí à ń pè ní kpayo, tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ tó ń san lórí ẹsáǹsì dúró. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni owó kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ẹni tó ra ọkọ̀ tó ń mu epo bí ẹlẹ́mu lọ́dún yẹn mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ KAN

Ní alẹ́ kejì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí ìyá kan ṣe dìde. Ó ní: «Ẹ̀yin ń ka àpò. Èmi fẹ́ ka èèyàn. Bí obìnrin bá ń rọbí lóru nínú oṣù kẹfà, tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ṣé báṣé yín á gbé e dé ilé ìwòsàn?»

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. A mọ ohun tí ìyá náà ń sọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀yìn zémìjàn ni wọ́n gbé e sí lóru, ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Wọ́n dé, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kò yè.

Torí náà a kò lè fi lítà epo dáhùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà náà gan-an. Mo ya ìlà kan sójú pátákó, láti abúlé dé ilé ìwòsàn. Mo ní kí olúkúlùkù wá fi ẹfun sàmì síbi tí ọkọ̀ ti máa ń rì. Ó yà wá lẹ́nu. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń fi ẹfun kàn: ibi ìsàlẹ̀ kan lẹ́bàá odò kékeré, tí kò gùn ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ìyókù ọ̀nà náà jẹ́ ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́. Omi kì í dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá dá, kì í pẹ́ kó tó ṣeé rìn.

Ní ibi ìsàlẹ̀ yẹn, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹrẹ̀ ni. Jíìpù á kọjá, báṣé lè má kọjá. Nígbà mìíràn, odò ló kún bo ọ̀nà, tí omi ń ṣàn. Nígbà náà, jíìpù kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú. Omi tó ń ṣàn lágbára lè gbé jíìpù lọ, àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó wá di pé jíìpù náà kò lè dáhùn ìbéèrè ìyá yìí ní gbogbo ọjọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó yí ìpàdé padà. Ó ní owó tí jíìpù fi wọ́n ju báṣé lọ, ṣé kò ní tó tún ogójì ìṣísẹ̀ náà ṣe? Kí wọ́n ra àgbá kọnkéré tí omi á máa gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n kó òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa lé e, kí wọ́n gbé ojú ọ̀nà ga. Òkúta wà lóko. Apá wà lára wa. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ẹgbẹ́ nìkan ló máa kọjá. Zémìjàn á kọjá, ọkọ̀ oníṣòwò tó ń wá ra àgbàdo á wọlé, àwọn ọmọ iléèwé náà á kọjá.

Ìyá náà tún fi kún un pé kí àwọn aláboyún tí ilé wọn jìnnà, bí oṣù wọn bá ti ń pé, máa lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí tó sún mọ́ ilé ìwòsàn kí ọjọ́ tó dé. Agbẹ̀bí ti ń sọ èyí tipẹ́. A kì í gbọ́.

ILẸ̀ KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí gbogbo ayé ra báṣé lásán. Ẹ wo ilẹ̀ tiyín àti ìgbà ìkórè tiyín.

Ní Kétu, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, òjò kékeré á tún dé ní oṣù kẹsàn-án. Àgbàdo àkọ́kọ́ ń jáde ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ẹ rí i pé nígbà tí ẹrù pọ̀ gan-an, ilẹ̀ ṣì tutù. Ní Ṣábẹ̀, kajú ń jábọ́ láàárín oṣù kejì àti oṣù kẹrin, òjò kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ẹni tí kajú jẹ́ ẹrù rẹ̀ jù lọ, kí ni ó fẹ́ fi kátíkátì ṣe? Eruku ni yóò jẹ, kì í ṣe ẹrẹ̀.

Àmọ́ ẹ lọ wo apá Ìsàbà, lọ́dọ̀ àwọn ará Pobẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ni wọ́n ní níbẹ̀. Ọ̀kan náà ni òun àti ilẹ̀ Lama tó lọ jìnnà síhà ìwọ̀-oòrùn. Lama yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, ẹrẹ̀ ló túmọ̀ sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà máa ń sán, ihò rẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ ọmọdé. Nígbà òjò, ó máa ń wú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí àmàlà. Ó máa ń dí gbogbo ojú táyà títí táyà á fi dán. Bàbá tó ń gbé irú ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ fara wé ará Ṣábẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ra jíìpù fún àgbàdo. Ohun kẹta wà fún un: báṣé tó ní kátíkátì. Hilux wà tó ń lo ẹsẹ̀ méjì, ó wà tó ń lo mẹ́rin. Land Cruiser pàápàá wà tó ní ẹ̀yìn báṣé. Ó wọ́n ju báṣé lásán lọ, irin rẹ̀ pọ̀ láti tún ṣe, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹrù, ó sì ń kọjá.

Ta ni jíìpù wá yẹ, nígbà náà? Ó yẹ ẹni tí èèyàn jẹ́ ẹrù rẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní àtúnṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé oògùn àjẹsára lọ sí abúlé ọ̀nà jíjìn, ó yẹ wọ́n. Ó bò wọ́n lọ́wọ́ òjò, ó bo àpótí tútù oògùn wọn lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ̀yìn báṣé kò yẹ fún èèyàn. Èyí tí a ti ń ṣe látijọ́, kí èèyàn mẹ́wàá jókòó lórí àpò, ikú ló ń bá wọn jókòó. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, wọ́n á fò dànù. Bí báṣé bá fẹ́ gbé aláìsàn, kí wọ́n gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ̀fẹ́.

KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́

Ní alẹ́ kẹta, wọ́n fẹnu kò sórí báṣé lásán, àlòkù tó ti ìlú òyìnbó dé sí Kútọnu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mẹkáníìkì tó bá wọn lọ wò, torí ibí ni owó ti ń sọnù.

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó fi wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ rí i, ìwé kíkà wúlò: ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ràn, nọ́ńbà méjì nínú rẹ̀ kò bá ìwé mu. Wọ́n fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kékeré kan irin gígùn méjèèjì tó gbé ọkọ̀ ró, ó ń wá ibi tí ó ti dógùn-ún àti ibi tí wọ́n ti jó pọ̀. Ọ̀dà tuntun abẹ́ ọkọ̀ ni ó fura sí jù, torí ọ̀dà ń bo ìpẹtà. Ó wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra lẹ́yìn, bóyá ọ̀kan ti ṣẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ tí ó tutù, kì í ṣe èyí tí olówò ti mú gbóná sílẹ̀. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ òróró. Èéfín funfun tí kò dẹ́kun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ pé omi ń wọ inú rẹ̀.

Ó tún béèrè ohun kan tí kò wá sọ́kàn wa. Ó ní, ta ló mọ ọkọ̀ yìí tún ṣe ní Kétu, níbo la ti ń rí píẹ́ẹ̀sì rẹ̀? Bí ọkọ̀ bá dára tó báwo, tí ó sì jẹ́ pé ẹ ó máa dúró de píẹ́ẹ̀sì láti òkèèrè, inú àgbàlá ni yóò máa sùn, adìyẹ á máa yé sínú rẹ̀.

Wọn kò ná gbogbo owó náà tán sórí ọkọ̀. Wọ́n yọ ti táyà tuntun mẹ́rin, ti àsíráǹsì, àti ti àgbá kọnkéré. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kó òkúta sí ibi ìsàlẹ̀ náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan wà nínú ọkọ̀ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti kíláàsì wa ló ń kọ ọ́: ọjọ́, ibi tí ọkọ̀ lọ, iye àpò, iye lítà epo, owó tó wọlé, owó tó jáde. Mo wo ojú ìwé kìíní. Ìlà kẹrin kì í ṣe ti àgbàdo. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: aláboyún kan, ilé ìwòsàn, lítà 5, kò san owó.